Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ta Fayolíìnì Lójú Èrò Bí Àyà Yín Tilẹ̀ Ń Já

Ìbéèrè kan ló ń wá sọ́dọ̀ mi léraléra láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ fayolíìnì. Nínú yàrá, orin dùn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjì péré bá ti jókòó láti gbọ́ wọn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pá onírun tí wọ́n fi ń ta á á máa fò lórí okùn, orin tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó á sì pòórá lórí wọn. Kí ni kí àwọn ṣe?

Ìdáhùn mi wà nísàlẹ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀la lẹ máa ta orin, ẹ fo àwọn apá àkọ́kọ́ kí ẹ lọ tààrà sí "Ọjọ́ kan ṣáájú". Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìpayà yìí máa kúrò pátápátá. Pablo Casals, tó fi séló (ohun èlò orin olókùn tó jọ fayolíìnì ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ) gbajúmọ̀ káàkiri ayé, sọ ọ́ pé ìpayà kò fi òun sílẹ̀ jálẹ̀ gbogbo ọdún tí òun fi ń ta orin. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1988 nípa àwọn olórin òkẹ́síírà (ẹgbẹ́ olórin ńlá) tó lé ní 2,000 ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sọ pé ìpayà ojú èrò ń yọ òun lẹ́nu, iṣẹ́ wọn sì ni orin. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni láti múra orin sílẹ̀ fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kí orin náà lè dúró bí ọwọ́ kò tiẹ̀ dúró.

Ohun tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n

Bí ara bá fura pé ewu wà nítòsí, ó máa ń tú họ́mọ́ònù tí à ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkìkì, èémí á kúrú, ẹnu á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á dín kù ní ìka ọwọ́, iṣan á le. Ara kò mọ̀ pé orin lásán lẹ fẹ́ ta.

Lórí ohun èlò orin mìíràn, ìgbọ̀n kékeré lè fara pamọ́. Ti fayolíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 la fi ìka di ìdí rẹ̀ mú, nítorí náà ìgbọ̀n tó kéré jọjọ ní ọrùn ọwọ́ á ti di ńlá kó tó dé ṣóńṣó ọ̀pá. Ìdí nìyẹn tí àyà ẹni tó ń tẹ dùùrù fi lè máa já bíi tiyín, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ ọ nínú orin rẹ̀.

Ibi mẹ́ta ló ti sábà máa ń hàn:

- Ọ̀pá á máa gbọ̀n lórí ohùn gígùn tó rọlẹ̀, pàápàá láti àárín ọ̀pá lọ sí ṣóńṣó rẹ̀.
- Orin á máa sáré. Lójú èrò, ìyára tó dà bíi pé ó tọ́ létí yín sábà máa ń ju ti ilé lọ.
- Ìka ọwọ́ òsì á máa tẹ okùn ju bó ṣe yẹ, àtàǹpàkò á fún ọrùn fayolíìnì mọ́wọ́, ìka kò sì ní lè tètè kúrò níbi tó wà.

Ẹ wo èyí tó máa ń ṣe yín jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kojú.

Ẹ yan orin tí kò ní já yín kulẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù kí wọ́n tó fọwọ́ kan okùn rárá. Orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí orí wọn ń wú sí, òun ni wọ́n máa ń fẹ́ fi hàn. Orin tuntun ni ìpayà máa ń kọ́kọ́ gbé lọ. Ẹ mú orin tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, tó rọrùn ju ibi tí agbára yín dé lónìí. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé kí ẹ ta á nílé nígbà tí ẹnìkan bá ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ sì ń dá a lóhùn ní gbólóhùn kúkúrú. Bí orin náà bá dúró, ó ti tó ta lójú èrò. Bí ó bá já, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ tún wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Orin tó fi ohùn gígùn kan tó rọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó le jù fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìwé ó dà bí èyí tó rọrùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ijó, tí ọ̀pá ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, máa ń fún ara ní nǹkan ṣe. Bí orin méjì lẹ fẹ́ ta, ẹ fi èyí tó yá síwájú, kí èyí tó lọ́ra wá tẹ̀ lé e nígbà tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ tàbí olùdánwò ló yan orin fún yín, àtúnṣe wà tí ẹ lè ṣe, bí wọ́n bá gbà á láyè:

- Ohùn gígùn tí ẹ ń fi ọ̀pá kan fà, ẹ pín in sí méjì.
- Ibi tí ọwọ́ òsì ti ní láti fò gòkè lórí okùn, ẹ wá ìka mìíràn tí ẹ lè fi ta á nísàlẹ̀.
- Ẹ dín ìyára kù. Orin tó lọ́ra díẹ̀ tó sì dúró ṣinṣin dùn ju èyí tó ń sáré tó ń kọsẹ̀ lọ.

Ìmúra: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú

1. Ẹ wá ẹnu ọ̀nà mẹ́rin nínú orin náà. Ọ̀pọ̀ orin ijó fayolíìnì ló ní apá méjì, tí a máa ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní àti àárín rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì àti àárín rẹ̀: ẹ kọ́ láti bẹ̀rẹ̀ láti ibikíbi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkọ́kọ́ ta ohun tó ṣáájú. Ẹ ní kí ẹnìkan máa pe nọ́ńbà, kí ẹ máa wọlé láti ibẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan ló mọ̀, bó bá ṣìnà, kò ní ibi tí yóò padà sí àyàfi ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, òun nìyí.

2. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ ta á ní ọ̀tun. Ẹ yọ fayolíìnì jáde, ẹ tún ohùn okùn ṣe, kí ẹ sì ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọ́kọ́ fi nǹkan kan mú ọwọ́ gbóná. Ẹ má dúró, ẹ má padà sẹ́yìn, ẹ má tún un ta. Ohun tó bá jáde ni orin ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa ṣe ìdánrawò yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Lójú èrò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń ní, àmọ́ nínú yàrá ọ̀pọ̀ wa máa ń ta ìbẹ̀rẹ̀ orin lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó wù wá, àá sì wá gbàgbọ́ pé ìkẹwàá yẹn ni ohun tí a mọ̀ ọ́n ta.

3. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù. Bí fóònù bá ti ń gbọ́, ìpayà díẹ̀ á dé, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ má gbọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, ohun kan péré ni kí ẹ kọ sílẹ̀ láti tún ṣe.

4. Ẹ mú ọkàn lù kíkankíkan kí ẹ tó ta á. Ẹ gun àtẹ̀gùn tàbí kí ẹ máa fò sókè lójú kan fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé fayolíìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èémí á kúrú, ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀, ẹ ó sì rí i pé orin ṣì lè jáde. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée kò gbọdọ̀ ṣe ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn yòókù tó.

5. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀pá gbọ̀n. Ẹ fa ohùn gígùn kan fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mì ọ̀pá ní àárín rẹ̀, kí ẹ sì wá bí ẹ ṣe máa mú un balẹ̀ láìdúró. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé bí ẹ bá di ọ̀pá mú pinpin, ìgbọ̀n á le sí i. Bí ẹ bá jẹ́ kí apá wúwo lórí okùn, tí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀pá rìn yá díẹ̀, á rọlẹ̀. Ọwọ́ tó ti ṣe èyí nílé lọ́pọ̀ ìgbà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọgbọ́n lójú èrò.

6. Ẹ mú èrò wá díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnìkan kọ́kọ́ wà ní yàrá kejì, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó wá jókòó níwájú yín. Lẹ́yìn náà, èèyàn mẹ́ta. Ẹ lè ta á fún ẹnìkan lórí fóònù tí ń fi àwòrán hàn. Ẹni tó bá ti inú yàrá bọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá láìsí àtẹ̀gùn láàárín, ó fi ara rẹ̀ sínú ìdààmú tí kò yẹ.

Ọjọ́ kan ṣáájú

Ẹ má pààrọ̀ okùn. Okùn tuntun máa ń nà, ohùn rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ àti bàtà tí ẹ máa wọ̀, kí ẹ ta orin náà lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Apá aṣọ tó fún máa ń dí ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́, aṣọ tó ń yọ̀ sì lè mú kí ìtìlẹ́ èjìká, ìyẹn ohun tí à ń fi sábẹ́ fayolíìnì kó lè jókòó lórí èjìká, máa sá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fayolíìnì sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ìdánrawò lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní fi nǹkan kún orin. Á kàn rẹ ọwọ́ ni.

Ẹ yẹ àpò wò:

- okùn kan tí ẹ lè pààrọ̀ bí èyí tó wà lórí rẹ̀ bá já, pàápàá okùn tí à ń pè ní E, tó tín-ín-rín jù
- rósìnì, ìyẹn oje igi gbígbẹ tí à ń fi pa irun ọ̀pá
- aṣọ kékeré láti nu ọwọ́ àti okùn
- ẹ̀rọ tí ń wọn ohùn, tàbí fóònù tó ní in
- ìtìlẹ́ èjìká
- ìbọ̀wọ́, bí ìka yín bá máa ń tutù

Ọjọ́ tí ẹ máa ta orin

Ẹ dé síbẹ̀ ṣáájú àkókò, kí fayolíìnì lè mọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára; igi àti okùn máa ń yí ohùn padà bí wọ́n bá ti ibi tútù bọ́ sí ibi gbígbóná. Ẹ tún ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, G, D, A, E, kí ẹ sì tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ títí ó fi kàn yín. Bí ó bá ń làágùn, omi tútù díẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ ló dára.

Ẹni tí kọfí máa ń mú ara rẹ̀ gbọ̀n, kó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Ẹ jẹun níwọ̀nba. Ebi náà máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n.

Ẹ má ta ibi tó le nínú orin léraléra lẹ́yìn pèpéle. Bí ó bá ṣì yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, àṣìṣe yẹn lẹ máa gbé wọlé. Ohùn gígùn lórí okùn tí ìka kò tẹ̀, àti ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ní ìdajì ìyára rẹ̀, ti tó.

Bí àyà bá ń já, ẹ má sọ fún ara yín pé "fara balẹ̀". Ara tó ti gbóná kì í gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Olùwádìí kan, Alison Wood Brooks ní yunifásítì Harvard, dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2014: àwọn tó sọ pé inú àwọn ń dùn, ara àwọn wà lọ́nà, kí wọ́n tó kọrin lójú àwọn ẹlòmíràn, kọ ọ́ dáadáa ju àwọn tó sọ pé àyà àwọn ń já lọ. Ọkàn tó ń lù nítorí ẹ̀rù àti èyí tó ń lù nítorí ayọ̀ jọra nínú ara. Ẹ sọ ọ́ síta, kódà bí ẹ kò bá tíì gbà á gbọ́: "Ara mi ti wà lọ́nà. Mo fẹ́ ta orin yìí fún wọn."

Ìṣẹ́jú kan tó kẹ́yìn

1. Ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí orúnkún má le. Orúnkún tó le gan-an máa ń mú èjìká le.
2. Ẹ mí jáde pátápátá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fa èémí sínú tí wọn á sì dì í mú. Mímí jáde ló ń mú ara rọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí mímí jáde gùn ju mímí sínú lọ.
3. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà nínú ọkàn yín, ní ìyára tí ẹ yàn nílé. Bí ẹ bá ní iyèméjì, ẹ dín in kù díẹ̀.
4. Ẹ gbé ọ̀pá lé okùn ní ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀, níhà ìdí, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́.
5. Ẹ mí jáde, kí ẹ fà.

Èrò kò ní bínú sí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ẹni tó wà níwájú nìkan ló máa ń dà bíi pé ó gùn fún.

Bí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín orin

Ohun tí ọwọ́ máa ń fẹ́ ṣe ni kó di ọ̀pá mú pinpin, kó sì máa fi ṣóńṣó rẹ̀ ta ohùn kékeré kí èrò má baà gbọ́. Méjèèjì ló ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀:

- Ẹ padà sí ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ ti lágbára lé e lórí.
- Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dún kíkan díẹ̀ sí i. Ohùn tó ní ìwúwo kì í gbọ̀n tó ohùn tín-ín-rín.
- Ẹ lo ọ̀pá púpọ̀ kó rìn yá. Bí kò bá ní tó fún ohùn gígùn, ẹ yí i padà láàárín.
- Ẹ tú àtàǹpàkò ọ̀tún sílẹ̀, kó ká díẹ̀.
- Ẹ mí. Ọ̀pọ̀ ló ń ta ìdajì orin láìmí rárá.

Bí orin bá ti ń sáré, ẹ má ṣe fà á sẹ́yìn lójijì. Ẹ dúró de ìparí apá tí ẹ wà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lu ìyára tó tọ́ bí apá kejì bá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣìnà

Ìlù orin ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ohùn tó bọ́. Ẹ má padà lọ tún un ṣe. Ohùn kan tó ṣì kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ẹni tó padà sẹ́yìn ti pe gbogbo ilé láti wá wò ó. Bí ẹ kò bá rántí ohun tó kàn, ẹ fa okùn kan tí ìka kò tẹ̀, tó bá orin mu, pẹ̀lú ìlù orin náà, títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e nínú àwọn mẹ́rin tí ẹ ti kọ́, kí ẹ sì wọlé láti ibẹ̀.

Ojú yín ńkọ́? Ẹ má fún un pọ̀. Ojú tó fún pọ̀ ló ń sọ fún èrò pé àṣìṣe ti dé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní mọ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2000, Thomas Gilovich, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń tì wọ́n lójú wọ inú yàrá tí èèyàn wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí i. Àwọn tó rí i ní ti gidi kò ju nǹkan bí ìdajì iye yẹn lọ.

Bí ó bá ṣì le jù

Ẹ lè jókòó dípò kí ẹ dúró. Ẹ lè gbé ìwé orin síwájú, bí ẹ kò tilẹ̀ ní wò ó. Ẹ lè bẹ ẹnìkan kó máa ta gìtá lẹ́yìn yín, tàbí kó máa fa ohùn kan ṣoṣo lábẹ́ orin. Dídá ta á á wá lẹ́yìn èyí. Àwọn kan máa ń pajú dé, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn kí ẹ wo ibì kan lórí ògiri, díẹ̀ lókè orí àwọn èèyàn, nítorí ó rọrùn láti sọnù sínú èrò ọkàn bí ojú bá ti pa dé.

Ìkìlọ̀ lórí ọtí àti oògùn

Ọtí máa ń mú ọkàn yín gbà pé ẹ ń ta dáadáa, nígbà tí ìka ti ń lọ́ra, tí etí kò sì gbọ́ ohùn tó yà mọ́. Ẹ yẹra fún un títí ẹ ó fi ta tán.

Àwọn olórin kan máa ń lo propranolol, oògùn tó ń dí adirẹnalíìnì lọ́wọ́ kó má baà mú ọkàn sáré kó sì mú ọwọ́ gbọ̀n. Dókítà nìkan ló yẹ kó kọ ọ́ fún yín. Ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée, àti fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lẹ́yìn pèpéle. Bí dókítà bá sì kọ ọ́ fún yín, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ máa ta orin jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ máa lò ó.

Bí ìpayà náà bá ń dí yín lọ́wọ́ oorun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tó ń mú yín bì, tàbí tó ti mú yín pa orin tì, ẹ lọ rí onímọ̀ ìlera ọpọlọ. Ìtọ́jú wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tí orin bá parí

1. Ẹ jẹ́ kí ohùn ìkẹyìn tán kí ẹ tó sọ ọ̀pá kalẹ̀.
2. Bí wọ́n bá yìn yín, ẹ ní "ẹ ṣeun" kó sì tán síbẹ̀. Ẹ má ka àṣìṣe yín fún wọn.
3. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ ohun méjì tó dára àti ohun kan tí ẹ máa tún ṣe.
4. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ ta orin kan náà fún àwọn mìíràn. Bó bá pẹ́ jù, ara á ti gbàgbé, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.